Ẹ Bi Màmá Aláró: Ọmọ Mi Ń Wọ Dúdú Bí Opó

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, kì í wọ nǹkan mìíràn mọ́ àfi dúdú. Ètè dúdú, èékánná dúdú. Ó tún fi àgbélébùú kọ́rùn, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wá. Bí mo bá bi í, á ní "goth" ni òun. Orí WhatsApp ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà, òru ni wọ́n ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn. Bàbá rẹ̀ ò kú, kí ló ń ṣọ̀fọ̀ fún? Aládùúgbò wa kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ mi ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.
Ìyá Aláta, Òṣogbo

Ìyá Aláta, ẹ fara balẹ̀. Èmi náà ti ta gìrì bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pe àwa aláró mélòó kan láti Òṣogbo lọ sí Jámánì pẹ̀lú àdìrẹ wa, àsìkò Pẹ́ńtíkọ́sì la sì dé Leipzig. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, aṣọ dúdú ń lọ, aṣọ dúdú ń bọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Mo ní háà, ọba wọn ló wàjà! Mo ti ń wá bí màá ṣe kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Obìnrin kan tó ti hewú, léèsì dúdú ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tìróò ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ló bá mi gbé báàgì gun àtẹ̀gùn. Ó ní ọdún àwọn goth ni, láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà.

Orin ló kó wọn jọ, kì í ṣe ìmùlẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, lára àwọn olórin pọ́ńkì. Ní 1979, ẹgbẹ́ Bauhaus gbé orin kan jáde tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, "Bela Lugosi's Dead". Òṣèré tó ṣe Dracula, òkú amùjẹ̀ inú ìtàn, nínú sinimá 1931 ni Bela Lugosi yẹn. Ṣé ẹ rántí àlọ́ iwin àti egbére tí wọ́n ń pa fún wa lálẹ́? Ẹ̀rù á máa bà wá, a ò sì ní jẹ́ kí màmá àgbà sinmi. Irú rẹ̀ nìyẹn. Ti àgbélébùú, ẹ̀ṣọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá dùn yín, ẹ sọ fún un, ilé yín ni.

Aládùúgbò yín ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2007, ní ìlú Bacup lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọkùnrin kan lu Sophie Lancaster, ọmọ ogún ọdún, nínú páàkì, ó sì kú, torí pé ó múra bíi goth. Níhìn-ín, bí ẹnì kan bá pariwo "ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn" mọ́ ọmọ yín ní oríta Ọláìyá, ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé orin? Ẹ wá aládùúgbò yẹn lọ lónìí, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀. Kí ọmọ náà má sì dá rìn lóru.

Dúdú wá di ti opó nìkan, ní ìlú aró? Ẹtù táwọn bàbá wa ń wọ̀ ńkọ́? Bí mo bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di búlúù lójú mi báyìí. Màá tún rì í, màá tún sá a, títí búlúù náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Èyí tó dúdú jù ló ń gbowó jù.

Ẹ ní kó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Kó mú aṣọ funfun kan tó ti sú u dání. Òwú ni o, ẹlú kì í mú pọlisítà.