Ẹ Bi Wá: Ẹsẹ̀ Mi Máa Ń Kú Lẹ́yìn Máìlì Kẹta

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Decatur ni mo ń gbé, lẹ́bàá Atlanta, ẹni ọdún 44 sì ni mí. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń sá Peachtree Road Race, eré kìlómítà 10 tí wọ́n máa ń sá ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, tí Amẹ́ríkà ń ṣe ọdún òmìnira. Ìṣẹ́jú 62 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 tí mo sá lésìí ló dára jù. Mo fẹ́ kí ó wá sí abẹ́ wákàtí kan lọ́dún yìí. Ara mi máa ń yá gágá títí dé máìlì kẹta, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á kú. Ṣé kí n máa sáré lójoojúmọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀nà yẹn ló ń tàn yín jẹ. Láti Lenox Square tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, títì ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ fún nǹkan bíi máìlì mẹ́ta, títí dé ibi odò Peachtree Creek. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tí wọ́n ń pè ní Cardiac Hill (Òkè Ọkàn), tó gba iwájú ilé ìwòsàn Piedmont kọjá. (Ẹni tó sọ òkè náà ní orúkọ ọkàn, tí ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀, ó mọ̀ọ́ ṣe ni.)

Bí èèyàn bá ń sáré sọ̀kalẹ̀, iṣan iwájú itan ló ń ṣe bíréèkì. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni iṣan náà ń nà bó ṣe ń gbé ara dúró, ibẹ̀ ló sì ti ń fara pa díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí mímí kò le, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ṣì tutù, èrò sì ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìgbà tí òkè bá dé ni itan á sanwó ohun tí ẹ ti jẹ. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 8:50 sá máìlì kìn-ín-ní, èrè ìṣẹ́jú-àáyá 45 tí ẹ rí níbẹ̀ lè di gbèsè ìṣẹ́jú méjì lórí òkè.

Ẹ pín in báyìí: máìlì kìn-ín-ní, 9:35, èkejì, 9:25, ẹ̀kẹta, 9:20. Ẹ ó ti lo 28:20 kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kó ṣe yín bíi pé ẹ ń fawọ́ sẹ́yìn jù. Máìlì kẹrin tí òkè wà, ẹ fún un ní 10:15, kí ẹ má sì wo ẹni tó ń kọjá yín. Ẹ ké ìgbésẹ̀ kúrú, ẹ ju apá, kí ojú yín wà ní nǹkan bíi ogún ẹsẹ̀ bàtà síwájú. Máìlì karùn-ún ṣì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú Midtown, àdúgbò kan ní Atlanta: 9:45. Ẹ̀kẹfà, 9:25. Ibi tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yà sósì sí 10th Street ń lọ sísàlẹ̀ sí Piedmont Park. Ẹ tú gbogbo agbára tó kù jáde níbẹ̀, kò ní ju 1:55 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 59:40.

Rírìn kì í ṣe ohun ìtìjú. Jeff Galloway, tó gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún 1970 tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí, òun náà ló sọ ìsáré-rìn di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bí ẹ bá máa rìn lórí òkè, ẹ rin ìṣẹ́jú-àáyá 20 lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ní okun. Ẹni tó dúró dìgbà tó di dandan ló máa ń rìn dé òkè pátápátá.

Ní ti ìdánrawò, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ wá òkè tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 75 láti gùn. Ẹ sá a gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kó di mẹ́wàá tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ má rìn sọ̀kalẹ̀ o! Ẹ rọra sá a ni, torí sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni itan yín kò tíì mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sá kìlómítà kan lẹ́ẹ̀márùn-ún, 5:45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì ìsinmi láàárín. Bí ẹ̀kẹrin bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pẹ́ ju èkíní lọ, ẹ ti kánjú níbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kìlómítà 12 sí 14 wọ́ọ́rọ́wọ́, 7:00 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà kan, kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi sísọ̀kalẹ̀ òkè sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ dín gbogbo rẹ̀ sí ìdajì.

Ooru ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ara máa ń gba bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ́ ooru lára, nítorí náà ẹni tó ń sáré nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà kò tíì múra sílẹ̀. Wọ́n máa ń ta àsíá aláwọ̀ láti fi sọ bí ooru ṣe le tó. Bí ẹ bá rí pupa, ẹ fi 30 sí ìṣẹ́jú-àáyá 45 kún máìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbàgbé wákàtí kan yẹn títí di ọdún mìíràn. Bí òtútù bá ń mú yín nínú ooru, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ké sí àwọn oníṣègùn.

Ìbéèrè: Aago ọwọ́ mi sọ pé 5:56 ni mo ń sá fún kìlómítà kan, síbẹ̀ 60:03 ni wọ́n kọ fún mi ní Peachtree. Ó ní kìlómítà 10.12 ni mo sá. Ṣé wọn ò na ọ̀nà yẹn jù?

Ìdáhùn: Wọn ò nà án jù, ẹ̀yin lẹ sá jù. Kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìkàyè lára ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà eré, wọ́n á gba ibi tó kúrú jù, 30 sẹ̀ńtímítà sí etí títì níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Wọ́n tún máa ń fi mítà kan kún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má baà kúrú, ìyẹn mítà 10 péré nínú kìlómítà 10. Èyí tó kù wá láti inú yíyà sọ́tùn-ún yà sósì láti kọjá èèyàn, àti àwọn ilé gíga Midtown tó ń da aago láàmú. Ẹ fi 5:53 sọ́kàn lórí aago, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín níbi àmì máìlì.

Ẹ tún fi àkókò eré mìíràn tí ẹ ti sá ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi yín sí ọ̀wọ́ tó bá yín mu. Ẹ má sì ti ẹnikẹ́ni níbi ìbẹ̀rẹ̀: ìgbà tí nọ́ńbà àyà yín bá kọjá lórí ẹní ìbẹ̀rẹ̀ ni aago eré tó ń kà fún yín.

Ìbéèrè: Kí ni kí n jẹ?

Ìdáhùn: Lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ eré máa mọ́, ìrẹsì tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ẹja díẹ̀; ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ata dúró dìgbà mìíràn. Lówùúrọ̀, wákàtí méjì ṣáájú, búrẹ́dì méjì pẹ̀lú oyin àti omi ìdajì lítà. Ẹ má tọ́ ohun tuntun wò, ẹ má sì wọ bàtà tuntun. Ojú pópó máa ń tì, ọkọ̀ ojú irin MARTA sì máa ń kún, nítorí náà ẹ jí kí àkùkọ tó kọ. Sùyà àti ẹran sísun ọdún náà ò ní sá lọ kó tó di ọ̀sán.