Bóhóòlù mẹ́rìnlá ní òpópónà kan: ṣé kọ̀ǹpútà lè bá wa wá omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópónà kan ní Ọlọ́runṣògo, Abẹ́òkúta níbí. Bóhóòlù mẹ́rìnlá la ní. Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù kejì, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ afẹ́fẹ́ dípò omi. Àwọn kan ní ká gbẹ́ tiwa jìn sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà tún wá, ó ní òun á fi sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà ya àwòrán omi abẹ́ ilẹ̀ wa, ká kówó jọ fún òun. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú ìtọ́jú àdúgbò. Ẹ má tíì kówó fún un, ẹ má sì tíì gbẹ́ ohunkóhun jìn sí i. Ẹ ra téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan àti ìwé kan ná.

Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ilẹ̀ Ewékorò. Lọ́hùn-ún, òkúta ẹfun àti yanrìn wà ní ìpele-ìpele nísàlẹ̀. Ní ti wa, irú òkúta tó di Olúmọ náà ló tẹ́ sábẹ́ ilé wa, òkúta akọ kì í sì í mu omi. Ibi méjì péré lomi lè gbé: inú iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tó bo orí rẹ̀, àti ibi tí òkúta fúnra rẹ̀ bá ti sán. Bí ẹ bá ti gbẹ́ kọjá ibi tó sán, ogún mítà míì lè má mú ife omi kan wá. Mo ti rí ẹni tó ná gbogbo owó tó fi pamọ́ sórí òkúta gbígbẹ, ó dùn mí dọ́kàn.

Ohun tí mo fura sí jù ni àkókò tí NẸ́PÀ bá mú iná dé. Gbogbo ilé a jọ tan pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà. Bóhóòlù tó bá ń fa omi a máa fa ojú omi sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ojú omi a wá rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo: ó jìn láàárín, ó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àrọ tiyín bá kan ti aládùúgbò, ìjìn méjèèjì á ro pọ̀. Níbi tí tiyín ti fà á wálẹ̀ ní mítà kan, tí tirẹ̀ náà fà á ní mítà kan, nǹkan bí mítà méjì ló lọ yẹn. Mẹ́rìnlá wá ńkọ́? Èyí tí pọ́ǹpù rẹ̀ ga jù ló máa kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́, ẹni tó ni ín á sì rò pé omi ti tán, nígbà tó jẹ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹnu pọ́ǹpù ni.

Irú ọ̀ràn yìí ni àwòṣe orí kọ̀ǹpútà wà fún. Èyí tí àwọn onímọ̀ omi mọ̀ jù ni MODFLOW, tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ gbé jáde ní 1984. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń pín ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké, ó sì ń ṣírò omi tó wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èyí tó jáde. Ẹ lè fi bi í pé: bí ilé méje bá ń fa omi láàárọ̀, tí méje ń fà á lálẹ́ ńkọ́? Bí ẹni kan bá dá iṣẹ́ píọ̀-wọ́tà sílẹ̀ ní ìkóríta wa ńkọ́? Àmọ́ kò lè dáhùn bí kò bá mọ ibi tí ojú omi yín wà lóṣooṣù.

Sátẹ́láìtì kò lè sọ ìyẹn fún un. Àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní GRACE, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lójú ọ̀run láti 2002 di 2017, àti àwọn tó rọ́pò wọn ní 2018, a máa fi bí ilẹ̀ ṣe ń fà wọ́n mọ̀ bóyá omi ń dín kù. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ni wọ́n ń rí. Wọn ò lè rí òpópónà kan.

Torí náà, ẹ wọn omi. Ẹ yan bóhóòlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti kànga àtijọ́ bó bá wà. Ẹ má kàn ju téèpù sínú bóhóòlù o, ó lè lọ́ mọ́ wáyà pọ́ǹpù. Ẹ ní kí púlọ́ńbà ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú rẹ̀ tí téèpù á máa gbà wọlé. Ẹ fi bílíìṣì fọ téèpù kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ìdájí ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ǹpù, láti etí páìpù kan náà, lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìjìn. Ẹ kọ òjò tó bá rọ̀ pẹ̀lú. Ní Alábàtà, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa omi àti ojú ọjọ́. Ẹ lọ bá wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè bá yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà kan. Òjò Abẹ́òkúta a máa tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200 lọ́dún. Lórí púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn á tó lítà 800,000. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ló rin wọlẹ̀, tí oòrùn, ewéko àti gọ́tà gba ìyókù, lítà 80,000 ló kù, nǹkan bíi 220 lójúmọ́. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 50 ti kọjá a. Síbẹ̀ a ń fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí òjò rí ibi wọ̀.

Tó bá di ọdún kan, ẹ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà. Ẹ fún un ní àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́jọ, ẹ pa oṣù mẹ́rin tó gbẹ̀yìn mọ́. Kí ó fi àwòṣe rẹ̀ sọ ibi tí ojú omi wà nínú oṣù mẹ́rin yẹn, kí ẹ wá fi wé ìwé yín. Bó bá ṣì í díẹ̀, ó mọṣẹ́. Bó bá fi mítà mẹ́ta ṣì í, ẹ má fi àwòrán rẹ̀ gbẹ́lẹ̀.

Àmọ́ láti ọ̀la lọ, ẹ pín ilé mẹ́rìnlá sí méjì, kí apá kan máa fa omi láàárọ̀, kí èkejì máa fà á lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí gbogbo ilé ní táńkì tó lè gbà wọ́n dé ìgbà tó kàn. Ẹ kọ bóhóòlù tó pọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.