Pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn 504 píkọ́ọ̀pù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ti ń wú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. 504 píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe ní Bàrígà níbí. Inú ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ṣófo, mo wá gé hádíbọ́ọ̀dù, mo fi fóòmù àti lẹ́dà bò ó. Ó wuyì gan-an, àmọ́ òjò ti rọ̀ báyìí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń wú, tí mo bá sì yí wáíńdà gíláàsì ó ń yọ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣiṣẹ́ jàre, nǹkan méjì ló ń dà ẹ́ láàmú.

Omi yẹn, láti inú ilẹ̀kùn ló ti ń wá. Kò sí rọ́bà tó lè nu gbogbo omi ara gíláàsì tán, ó máa gba ibẹ̀ wọlé ṣáá ni, àwọn tó ṣe mọ́tò sì mọ̀, ìdí tí wọ́n fi dá ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìyẹn. Fi wáyà gún àwọn ihò yẹn, torí nínú mọ́tò tó ti pẹ́, yẹ̀pẹ̀ àti ìpẹtà á ti dí wọn pa, omi á wá dúró síbẹ̀ bíi ti garawa. Hádíbọ́ọ̀dù tó bá sì ti mumi ti wú nìyẹn, kì í padà, má wulẹ̀ gbé nǹkan lé e pé kó tẹ́, sọ ọ́ nù.

Wá náílọ́nù dúdú tó nípọn yẹn, èyí tí àwọn bíríkìlà máa ń tẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ilẹ̀kùn yíká. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í o: etí ìsàlẹ̀ náílọ́nù yẹn, inú ilẹ̀kùn ni kó wọ̀, má jẹ̀ẹ́ kó wà níwájú irin, torí omi tó bá kán sí i á ṣàn wálẹ̀, tó bá wá já sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, òfo ni gbogbo wàhálà ẹ.

Lo pílíwúùdù mìlímítà 3, fi fáníṣì kùn ún lójú méjèèjì, kùn ún létí àti nínú gbogbo ihò tí o dá sí i, etí yẹn gan-an ló máa ń mumi jù.

Wáíńdà wá ńkọ́? Kò bàjẹ́, pánẹ́ẹ̀lì ẹ ló nípọn jù. Bọ́ọ̀dù 3, ká ní fóòmù jẹ́ 10, lẹ́dà 1, ó ti di mìlímítà 14, eyín ọ̀pá tí wáíńdà ń jókòó lé ò gùn tó yẹn, orí ẹ̀ nìkan ló ń dì mú, tó bá sì ń yọ̀ báyẹn pẹ́, á jẹ eyín inú wáíńdà, wàá wá máa wá òmíì kiri Ládìípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò. Fóòmù mìlímítà 5 ti tó, kí o sì gé e kúrò yíká ojú ọ̀pá yẹn kó fẹ̀ ju ìdí wáíńdà lọ díẹ̀, kí lẹ́dà jókòó sórí bọ́ọ̀dù níbẹ̀.

Má ṣe fi pínnì kápẹ́ńtà kan lẹ́dà mọ́ bọ́ọ̀dù tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, á yọ lójú kejì. Gọ́ọ̀mù ni, fi pa ojú méjèèjì tó máa pàdé, dúró kó má lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kí o tó pa wọ́n pọ̀.

Ti ihò kílíìpù tó ń di pánẹ́ẹ̀lì mú mọ́ ilẹ̀kùn, páálí ni kí o kọ́kọ́ gé: fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹnu ihò ara irin, gbé páálí lé e, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, àpá á hàn. Wọ́n á ní kí o kàn yí páálí yẹn padà fún ilẹ̀kùn kejì, àmọ́ wò ó wò dáadáa o, mọ́tò tí pánẹ́ẹ̀lì bítà ti fọwọ́ kàn, ọ̀tún àti òsì ẹ̀ kì í bára mu mọ́. Mú kílíìpù àtijọ́ kan dání tí o bá ń lọ rà á.

Kí o tó wá gbé pánẹ́ẹ̀lì sí i, yí gíláàsì lọ sókè sódò kí o rí i pé kò fa náílọ́nù, kí o da omi sí ìdí gíláàsì láti ìta. Tó bá ń jáde nísàlẹ̀, tí ojú náílọ́nù tó kọjú sí ẹ sì gbẹ, gbé e sí i.