Ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Agbaninímọ̀ràn ni mí n'Ìbàdàn, iṣẹ́ náà kò tíì pé ọdún 2 lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 24 kan tí mò ń tọ́jú sọ fún mi pé òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun. Ó yáwó lórí fóònù, àwọn ayánilówó sì ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni. Ó ní ikú yá j'ẹ̀sín. Kó tó sọ ọ́, ó ti mú mi ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló ń sanwó ìtọ́jú, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe? N kò rí oorun sùn.*

Ọmọ mi, o kú àìsùn. A ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ti yí ohun kan tàbí méjì padà nínú lẹ́tà rẹ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọmọ náà mọ̀. Ohun tí a jọ sọ nìyí, kí àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè bá wa gbọ́ ọ.

Ìlérí yẹn ni kò yẹ kó ti ẹnu rẹ jáde. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ lo fi tọrẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá jókòó síwájú rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ pé: "Ohun tí o bá sọ níbí, ibí ni yóò wà, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu." Ẹni tó bá ti mọ ààlà yẹn tẹ́lẹ̀ kò ní pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ lọ́la.

Ní báyìí, òun gan-an ni kí o kọ́kọ́ sọ fún pé o kò ní lè mú ìlérí náà ṣẹ, kí o sì sọ ìdí. Má yí ọ̀rọ̀ po. Bi í bóyá ó ṣì ń rò ó láti pa ara rẹ̀, bóyá ó ti mọ bí yóò ṣe ṣe é, bóyá ohun tí yóò fi ṣe é wà nílé. Ìbéèrè yìí máa ń bà wá lẹ́rù, à ń rò pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ti gbé e sí i lọ́kàn nìyẹn. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ṣe "àmín", yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, bi í pé ta ni yóò fẹ́ kó gbọ́. Ó lè má jẹ́ ìyá rẹ̀. O sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bá a gbé, pé kì í ṣe ẹni tó ń kánjú sọ̀rọ̀. Ẹni tó lè kó ohun tó léwu kúrò nílé, tó sì lè sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, là ń wá. Ìyá tó bá figbe ta tí àdúgbò fi pé, ìfẹ́ ló fi ṣe é, àmọ́ ẹ̀sín gan-an lọmọ yìí ń sá fún.

Ẹni yòówù kó jẹ́, ìwọ̀nba ni kí o sọ: pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ó tán. Gbèsè náà, iye rẹ̀, ohun tó fi owó ṣe, àṣírí tirẹ̀ ṣì ni. Pé ìyá ló ń sanwó kò sọ àṣírí ọmọ di ti ìyá. Ibí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìṣe: bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí díẹ̀, ẹ a kúkú ṣí i gbayawu.

O tún béèrè nípa ọlọ́pàá. Rárá o. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Gúúsù ṣì sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé irú òfin yẹn wá fún wa pa tiwọn rẹ́ ní 1961. Èkó ti yí tirẹ̀ padà, ilé ìwòsàn ni adájọ́ ibẹ̀ yóò ní kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 kò pa abala 327 rẹ́. Lóòótọ́, ìgbìyànjú ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe èrò. Mélòó nínú àwọn tó jókòó ní tẹ́ṣàn ló mọ ìyàtọ̀?

Ní ti ikú yá j'ẹ̀sín, má bá a jiyàn òwe. Bi í pé nínú gbogbo àwọn tó gba fọ́tò yẹn, ta ló fi í ṣẹ̀sín? Èmi alára ti gba irú rẹ̀ mẹ́ta nípa àwọn tí mo mọ̀. Mo pa á rẹ́, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi. (Ìwọ tí ò ń kà á, tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí jọ tìrẹ: sọ fún ẹnì kan lónìí, kí o sì lọ rí dókítà.)

Ìbéèrè kan wà tí o kò bi mí. Ṣé nítorí ọmọ náà lo fi fẹ́ sọ, àbí kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi rù ọ́? Ẹni tí ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà a máa yára fi tipátipá ti ènìyàn mọ́ ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀nà mìíràn kò tíì dí. Sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, kọ ohun tí o ṣe àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀, má dá a gbé.

Inú mi dùn pé o kò dúró di Ọjọ́bọ̀ tí ẹ fi àdéhùn sí, pé alẹ́ ọjọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ náà lo pè é, àti pé ó gbé e.