Wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù mi, mi ò sì bu ọwọ́ lu ìwé kankan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò. Mo ti lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ mi tuntun kí n tó ṣàkíyèsí pé wọ́n ń yọ "owó ẹgbẹ́" lóṣooṣù. Mo bi akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó ní gbogbo wa la jọ wà nínú ẹ̀. Ṣé dandan ni? Kí sì ni mo ń rí gbà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè yín. Kí wọ́n fi dandan sọ yín di ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn ọ̀tọ̀. Kí wọ́n ní kí ẹ dá sí owó tí ẹgbẹ́ ń ná láti fi bá ọ̀gá dúnàádúrà, ìyẹn náà ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Ní 1976, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin mẹ́ta pàdánù iṣẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí pé wọ́n kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́. Ní 1981, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá wọn láre. Láti 1947 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kò sí ilé iṣẹ́ tó gbọdọ̀ sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan lòun máa gbà síṣẹ́. Nàìjíríà tún òfin tirẹ̀ ṣe ní 2005: ẹni tó bá wù ló ń wọ ẹgbẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀. Àmọ́ níbẹ̀ kan náà, wọ́n máa ń ka òṣìṣẹ́ kékeré sí ọmọ ẹgbẹ́ títí yóò fi kọ̀wé pé òun ò ṣe. Òṣìṣẹ́ àgbà ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun fẹ́. Irú ètò báyìí ló ṣeé ṣe kó mú yín láìbuwọ́lùwé.

Owó yẹn gan-an ló le. Tí ẹgbẹ́ bá gba àfikún owó oṣù, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ náà máa gbà á. Ìbínú ọmọ ẹgbẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlara lásán. Ní Kánádà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá kan nílé iṣẹ́ Ford, adájọ́ Ivan Rand là á sí méjì ní 1946: ẹ ò ní láti wọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa san owó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀ ní 2018: wọ́n ní a ò lè gba owó yìí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá fúnra rẹ̀ gbà.

Ní tèmi, ti Rand ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ní kò wá síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń gbọ̀n, kò lè dáhùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n fi ń buwọ́lù láàárọ̀ wá. Ó ṣí i, ó fi ìka lé e: méjì nínú ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, tí ilé iṣẹ́ wà ní títì. Kò sẹ́ni tó tún rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn gan-an ni owó yẹn wà fún.

Àbùkù rẹ̀ náà pọ̀ o. Owó tó ń wọlé yálà olórí ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ máa ń sọ olórí di ọ̀lẹ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí kò ka ìṣirò owó fún ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dún mélòó kan, tí alága sì ń fowó yẹn bá olóṣèlú tó wù ú rìn. Ìyanṣẹ́lódì náà ń jẹ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ẹ lè má fọwọ́ sí i rárá.

Nítorí náà, ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín àti àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá ilé iṣẹ́ ṣe. Ẹ gba òfin ẹgbẹ́, kí ẹ sì bi akápò bí wọ́n ṣe ná owó ọdún tó kọjá. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ máa pàdánù tí ẹ bá jáde: nígbà púpọ̀, ẹ ò ní lè dìbò lórí àdéhùn tuntun mọ́, wọn ò sì ní bá yín jókòó lọ́jọ́ ẹjọ́.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ jáde, ẹ má fẹnu sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń san owó oṣù, kí ẹ fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá tún yọ owó yẹn lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ mú tọ agbẹjọ́rò wá.