"Yam" ti Iléṣà, "yam" ti Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Houston la wà. Ìyá mi pè láti Iléṣà, wọ́n ní iyán làwọn ń gún. Mo wá sọ fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, pé "yam" ni wọ́n fi ń gún un. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé "yam" pupa bí ọsàn, ó sì ń dùn bí ṣúgà. Bí olùkọ́ ṣe wí nìyẹn. À ń lọ sílé ní Disẹ́ńbà. Báwo ni mo ṣe máa là á yé e?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ má bá ọmọ náà wí, ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ló sọ. Ọ̀dùnkún ni. Iṣu àti ọ̀dùnkún kò sì tan rárá: iṣu ń gun igi, ọ̀dùnkún ń fà nílẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹ̀.

Orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ jẹ́ kó mọ̀, torí ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde. Lẹ́nu àwọn Fúlàní àti Wolof, "nyam" jẹ mọ́ oúnjẹ àti jíjẹ. Àwọn Potogí mú un, wọ́n ń pe iṣu ní "inhame"; ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá di "yam". Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé Amẹ́ríkà, wọn ò rí iṣu gbìn. Ọ̀dùnkún ni wọ́n rí, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Tí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí wọra. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 làwọn àgbẹ̀ Louisiana wá fi orúkọ náà polówó ọ̀dùnkún pupa tiwọn, kó lè yàtọ̀ sí èyí tó funfun.

Ẹ ra iṣu tí wọ́n ń pè ní Puna kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, kí ọmọ náà fọwọ́ pa èèpo rẹ̀, kó fọwọ́ pa ti ọ̀dùnkún. Tí ẹ bá délé, kí màmá mú un lọ sọ́jà Atakúnmọ́sà, kó fúnra rẹ̀ yan iṣu, kó sì di ọmọ odó mú. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà mọ iyán-án gún.

Ti olùkọ́ yẹn, ẹ wo ara agolo "yams" tí wọ́n ń tà: "sweet potatoes" máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn. Kí ọmọ yín gbé agolo náà lọ síléèwé.