Èsì: Ẹ jẹ́ kó lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé kí ọmọ yín tó ń retí èsì JAMB máa bá àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ aláìní níwèé ní Láfẹnwá, l'Ábẹ́òkúta níbí, àbí kó jókòó sílé kàwé. Tèmi ni pé kó lọ, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn aláìní ṣe ń gbé.

Ọmọ tí wọ́n ń gbé odidi àpò ìrẹsì wálé fún kò lè mọ̀ pé ẹni tó ń fi agolo rà á gan-an ló ń san owó jù. Ẹ ro owó agolo yẹn pọ̀ títí á fi pé àpò kan, ẹ ó rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo inú ọ̀rá àti omi kẹ́ẹ̀gì. Tó bá ti bá ìyá aláta kan ṣírò èrè òòjọ́ rẹ̀ rí, kò ní pe tálákà ní ọ̀lẹ mọ́. (Àwa àgbà náà ń sọ ọ́ o!) Tó bá dìgbà àgùnbánirọ̀, ojú rẹ̀ á ti là.

Ẹ ṣáà kìlọ̀ fún un kó má ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook. Kó sì máa lọ déédéé, torí àwọn ọmọ yẹn á máa retí rẹ̀.